Ìyá Mi, Ẹ Kú Àárọ̀

Ìyá àgbà kú ní Towé, kò sì pẹ́ tí wọ́n bí Yéwándé. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é ní ìyá òun. "Ìyá mi, wá jẹun." "Ìyá mi, lọ pọnmi." Nígbà tí ìyá náà dàgbà, tí ìgbàgbé wọlé sí i lára, ta ni yóò fura? Àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí arúgbó náà kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, tó ní, "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀."

"Ẹ" yẹn ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Sakété. Dókítà bèèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹlòmíràn nínú ẹbí rí. Yéwándé ní wọ́n sọ fún òun pé ìyá àgbà kò dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ̀ mọ́ kó tó kú. Dókítà ní kì í ṣe dandan, àmọ́ àrùn náà máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ nígbà mìíràn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé wọn ní Pobè, ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá mi, ṣé ẹ dá mi mọ̀ lónìí?"

"Mo dá ọ mọ̀, ọmọ mi."

Elvire, ọmọbìnrin Yéwándé tó ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, gbọ́ "ọmọ mi", ó rò pé òun ni wọ́n ń pè. Ó yọjú. "Màámá, ẹ pè mí?"

Yéwándé ń wo ojú ọmọ náà, bí ẹni tó ń kọ́ ọ sórí.