Ààwẹ̀ Àràmídé

Ní Òmù-Àrán, wọ́n ní warapa ni. Ní Ìlọrin, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ibà. Nígbà tí Àràmídé, ọmọ ọdún mẹ́rin, tún dákú, dókítà kan níbẹ̀ sọ fún Rúùtù, ìyá rẹ̀, pé ó jọ àìsàn àjogúnbá kan tí kì í jẹ́ kí ara lo oúnjẹ bó ṣe yẹ. Dókítà Fulera ní Ìbàdàn nìkan ló mọ̀ tó ń tọ́jú irú rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí àyè lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ku ọ̀la, Àpínkẹ́, ìyá ọkọ Rúùtù, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà, kéde ààwẹ̀.

"Àràmídé náà yóò gbà á di ọ̀sán."

"Màmá, ọmọdé ni."

"Ìyàwó mi, ní Nínéfè inú Bíbélì, màlúù pàápàá gbààwẹ̀. Ṣé ọmọ mi ni màlúù yóò fi ìgbàgbọ́ jù lọ?"

Rúùtù rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n kúrò nílé. Lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, òógùn bo Àràmídé, ojú rẹ̀ yí, ó sì rọ jọwọrọ. Dókítà Fulera fúnra rẹ̀ sáré jáde. Ó gún ọmọ náà níka, ó sì fa omi ṣúgà sí i lára títí ó fi lajú.

"Ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Kí ló jẹ láàárọ̀?"

"Ó ń gbààwẹ̀ ni, mà. Nítorí àtirí yín."

"Àwọn ìgbà tó dákú tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Rúùtù ronú. Ààwẹ̀ ọdún tuntun. Ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì. Ìgbà kan tí ibà kò jẹ́ kó fẹ́ jẹun.

"Bí ebi bá pa wá, ọ̀rá ara la fi ń gbéra," ni dókítà wí. "Ara tirẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ló ti wá, ẹ kò sì lè mọ̀. A ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun kó lè dá wa lójú, ṣùgbọ́n láti òní, ebi kò gbọdọ̀ pa á. Ẹ ti bí òmíràn ṣáájú rẹ̀?"

"Dípò, àkọ́bí mi, mà. Ibà ló..."

Ó rántí ọjọ́ náà. Lóòótọ́ ni ibà mú un. Ọjọ́ Jímọ́ Rere ni, gbogbo ilé ń gbààwẹ̀. Ó tọrọ ẹ̀kọ, wọ́n ní kó ní sùúrù di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó sùn, wọ́n dúpẹ́ pé ara ti tù ú. Kò jí mọ́.

Fóònù dún. Àpínkẹ́ ni.

"Ṣé ẹ rí dókítà? Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la ó fi gbààwẹ̀ ọpẹ́, Àràmídé náà yóò sì..."

Rúùtù mọ̀ pé bí òun bá fi ọgbọ́n sọ ọ́, ìyá yìí yóò tún fi ìfẹ́ dá oúnjẹ dúró lẹ́nu ọmọ náà.

"Màmá, ebi ló ń mú kó dákú. Bó bá gbààwẹ̀ mọ́, yóò kú."

Nínú fóònù, àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà ń kọrin lẹ́yìn Àpínkẹ́.

"Dípò náà ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ló jọ, Màmá."

Orin náà ń lọ. Àpínkẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti wálẹ̀ pátápátá:

"Kí ni Àràmídé ń jẹ báyìí?"

"Ó ń mu ògì."

"Fún un sí i," ó wí. "Ìyá Dípò, jọ̀ọ́, fún un sí i."