Èèkàn tí Ògúnjìnmí Ṣí Nípò

Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ń gún èèkàn ọ̀nà ọkọ̀ tuntun láti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀wàrà, òdìkejì pápá ni wọ́n gún un gbà, ó jìnnà sí ilé Ògúnjìnmí. Ó dùn ún wọ egungun. Kòkó rẹ̀ pọ̀, páànù ló fi bo ilé rẹ̀, ta ni yóò wá rí i?

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Àpìkẹ́, ilé tí ọ̀nà kò kí, ilé ọ̀bọ ni."

"Baba Susannah, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀."

Kò gbọ́. Bí àwọn awọnlẹ̀ ti kúrò, ó fa èèkàn tu, ó gún wọn sí ìdí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ló bá a di èèkàn mú.

Àwọn tó ń la ọ̀nà dé, wọ́n tọ èèkàn. Ọ̀nà tó ń bọ̀ gbọọrọ ṣẹ́ bí ìgúnpá, ó kí ilé Ògúnjìnmí, ó tún ṣẹ́ padà. Baba a máa kì í láràárọ̀:

"Ọ̀nà, atẹ́rẹrẹ bí ẹní,
A-fi-ilé-òtòṣì-sílẹ̀-wá-kí-ọlọ́rọ̀,
Ọ̀nà mi, má yà nílé ẹlòmíràn!"

Lẹ́yìn náà ni yóò kígbe sí Amos, aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà obì: "Amos Ará-Ẹ̀yìn! Ṣé o ti rí lọ́rì rí?"

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, lọ́rì pọ̀. Níbi ìgúnpá yẹn gan-an ni gbogbo awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì, tí wọ́n ń yí jíà. Lọ́rì á bú ramúramù, á wúkọ́, á tu èéfín dúdú lé kòkó tí Ògúnjìnmí sá sójú ọ̀nà. Ọkùnrin tí ń yẹ kòkó wò dé, ó la hóró kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín.

"Baba, ṣé kòkó lẹ sá ni, àbí ẹran ìgbẹ́ lẹ yan?"

"Kòkó gidi ni, ọmọ mi."

"Èéfín lọ́rì ló ń rùn. N ò gbà á. Bí èyí tó kù nínú apẹ̀rẹ̀ bá tún rùn báyìí, ẹ ò rí kòkó tà lọ́dún yìí nìyẹn."

Ògúnjìnmí sáré sójú ọ̀nà, ó nawọ́ sí lọ́rì tó ń bọ̀: "Ìwọ! Gbé èéfín rẹ mì!"

Awakọ̀ yọ orí síta: "Baba, èmi kọ́ ni mo ní kí ọ̀nà wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín!"

Ẹ̀yìnkùlé Ògúnjìnmí kò ju ibi tí adìẹ lè yí sí, àpáta ló kù. Ló bá gbé ẹní àti apẹ̀rẹ̀ lérí, ó di ilé Amos.

"Amos, ọmọ dáadáa, fún mi láàyè kí n sá kòkó."

"Ta nìyẹn? Àwa ará ẹ̀yìn ò mọ ará ọ̀nà o."

"Má bínú, àbúrò mi."

"Mi ò bínú, bàbá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oríkì ọ̀nà, ẹ ki ẹ̀yìnkùlé mi díẹ̀ ká gbọ́."

Ògúnjìnmí wo kòkó, ó wo Amos, ó wúkọ́:

"Ẹ̀yìnkùlé, ibi ìsinmi àgbà,
A-fẹ́-atẹ́gùn-má-fẹ́-èéfín..."

"Ó dùn! Ẹ tún un kì, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò tíì yó."

Ọkùnrin tí ń yẹ kòkó wò padà wá, ó la hóró kan nínú èyí tó gbẹ lẹ́yìnkùlé Amos, ó gbóòórùn rẹ̀, kò sín. Ó lu àpò ní òǹtẹ̀. Títí ẹ̀ẹ̀rùn yẹn fi parí, ẹni tó bá ń lọ sóko láàárọ̀ á gbọ́ Ògúnjìnmí tó ń ki ẹ̀yìnkùlé Amos, á sì gbọ́ Àpìkẹ́ tó ń ṣe àmín sí i láti ìdí ẹní, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè ṣe àmín náà tán.