Òkúta Mwandida

Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti sọ pé ìṣáwùrú inú adágún Màláwì ló ń mú kí àwọn ọmọ máa tọ ẹ̀jẹ̀, gbogbo obìnrin abúlé ti kó abọ́ wọn lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ku Abiti Sandalamu nìkan létí adágún, òun àti àwọn òkúta tí oníkálùkù wọn máa ń jókòó lé fọ abọ́, tí wọ́n á máa bá ara wọn ṣàwàdà títí ọ̀sán á fi pọ́n.

Mwandida ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú korobá lórí.

"Olórí kunkun! Àbí ikú lò ń wá níbẹ̀ ni?"

"Nídìí ẹ̀rọ tiyín, ta ló ń jókòó? Ẹ tò bí ẹlẹ́wọ̀n, ẹni ẹ̀yìn ń ti ẹni iwájú. Sọ korobá yẹn kalẹ̀, jókòó díẹ̀, jàre."

"Wọ́n á gba ipò mi!" Ó ti lọ.

Abiti Sandalamu pòṣé. Ó mú ìṣáwùrú kan nínú omi, ó gbé e lé òkúta Mwandida, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

"Ìwọ lo lé e lọ," ó ní. "Ó yá, máa bá mi sọ̀rọ̀."