Bọ́tìnnì Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ta ló fẹ́ máa kọ áàpù láti ìpìlẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ti ṣe àwòṣe sílẹ̀, tó to àwọ̀, lẹ́tà àti bọ́tìnnì, tí gbogbo wọn bára mu bí ọmọ ìyá? Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ló gbé iṣẹ́ náà fún mi: kí aláìsàn máa tẹ bọ́tìnnì lórí fóònù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí nọ́ọ̀sì máa gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé e lọ han ọ̀gá ibẹ̀. Ojú lásán ni, inú rẹ̀ ṣófo. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á kọ ọ́ pé, "A ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì ń bọ̀." Èmi ni mo fi "Nọ́ọ̀sì ń bọ̀" kún un, kó lè dùn mọ́ ọ̀gá. Bọ́tìnnì náà kò tíì so mọ́ fóònù nọ́ọ̀sì kankan.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó ti parí. Ó ku iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ṣùgbọ́n orí mi ti wú, òmùgọ̀ ni mí, mo ní ó ku díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi sórí gbogbo fóònù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì kó àwọn aago àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì kúrò. Ojú mi ni wọ́n ṣe kó wọn. Mo ń sọ lọ́kàn pé kó tó di ọ̀la, màá ti wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ìyá mi ti ròyìn mi láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún gbogbo wọ́ọ̀dù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè mí. Ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi ló tú, ẹ̀jẹ̀ ń dà lábẹ́ aṣọ, nígbà tí nọ́ọ̀sì fi máa kọjá níbẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú kí n tó dé. Inú bí mi sí ọ̀gá, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Obìnrin aláìsàn kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì sí ti ìyá mi ló ṣàlàyé fún mi.

"Mo ní kí n pariwo pe nọ́ọ̀sì. Màmá ní kí n má da nọ́ọ̀sì láàmú, pé àwọn ti tẹ bọ́tìnnì, fóònù sì ti ní nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Màmá ní ọmọ àwọn ló ṣe áàpù náà."

Ó wò mí lójú.

"Ṣé ẹ̀yin lọmọ náà?"

Mo ní rárá, pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi nìkan ni ìyá mi bí.