Ife Comfort, Odó Àníkẹ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, kó gbé àpótí rẹ̀ wá síwájú. Ọ̀rọ̀ owú ni mo gbé dé, ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi ń sọ ọ́.

Ní Ayébòdé, ògiri kan ló pín ilé Àníkẹ́ àti ilé Comfort níyà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, àwọn méjèèjì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ohun kan ṣoṣo ni Comfort ní tí Àníkẹ́ kò ní: ife tánganran kan tí àwòrán adé wà lára rẹ̀.

Lọ́dún tí wọ́n dé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ládé, tí àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láti Gáńbíà dé Sàró, láti Góòlù Kóòsì dé ọ̀dọ̀ wa níbí, wọ́n pín ife fún àwọn ọmọ ilé ìwé, Comfort sì gba tirẹ̀. Àníkẹ́ kò lọ sílé ìwé. Òun ló dá orin tí àwọn ọmọdé fi yí ìlú ká lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ife kàn án, tíṣà ní, "Ìwọ kì í ṣe tiwa." Láti ìgbà náà, bí Comfort bá ti fi ife yẹn mumi, òùngbẹ á máa gbẹ Àníkẹ́.

Àfi bí Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọbìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì, ṣe dé láti Ọ̀yẹ́. Ó ń wá àgbà tó rántí ọdún adé yẹn, kó lè gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù. Ilé ta ló yà sí? Ilé Comfort!

Àníkẹ́ gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: "Màmá, ẹ kọ orin ọjọ́ yẹn fún mi."

Comfort wúkọ́ bí ẹni tó fẹ́ wàásù.

Inú Àníkẹ́ hó kọjá etí ìkòkò. Lẹ́yìn ife, ó tún kan orin! Bí fóònù bá ti gbà á lẹ́nu Comfort, orin Comfort ni títí ayé. Iṣu ti jinná lórí iná. Ó dà á sódó, ó ki ọmọ odó mọ́lẹ̀: gbì! gbì! gbì!

Ọ̀rẹ́olúwa yọjú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a ò gbọ́ ara wa mọ́."

"Ulé mi ni mo wà, iyán mi ni mò ń gún. Ebi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Gbì! gbì!

Comfort náà tẹ̀lé e jáde, ife lọ́wọ́. "Àníkẹ́, ṣé iṣu lò ń gún ni àbí èmi?"

"Wọnú odó, kí o wò ó! O gba ife, o tún fẹ́ gba orin!"

"Orin wo?" Ẹ̀rín gbé Comfort. "Ègbè nìkan ni mo mọ̀. Mo ti ń sọ fún ọmọ yìí látàárọ̀ pé Àníkẹ́ ló dá a, Àníkẹ́ ló ń lé e, kó lọ pè ọ́ wá. Odó rẹ ni kò jẹ́ kó gbọ́!"

Ọwọ́ Àníkẹ́ dẹ̀. Comfort gbé ife kalẹ̀, ó fa ọmọ odó kejì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí wọ́n ṣe ń gún un ní ìgúnpọ̀ nìyẹn, Àníkẹ́ lé e:

"Òkun jìn o, òkun jìn!"

Gbì! Comfort gbè é:

"Adé yẹ orí ẹni tí a ò rí!"

Gbì! Fóònù gbà á, tòun ti odó.

"Ta ló dá a, Màmá?"

"Èmi Àníkẹ́ ni. Sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn kó le!"

Comfort bu omi sínú ife, ó gbé e fún un. Àníkẹ́ mu ún gbẹ. Omi lásán ni! Síbẹ̀, kó tó dá ife padà, ó tún wo ìdí rẹ̀ dáadáa.

Iyán náà kúná bí òwú. Gbogbo wọn jẹ ẹ́, Ọ̀rẹ́olúwa sì di tiẹ̀ lọ sí Ọ̀yẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́, ọbẹ̀ ti délẹ̀. Ẹ jẹun yó, kí ẹ máa relé pẹ̀lú orin lẹ́nu.