Ojú-ewé Tí Kò Fún Àlejò Lómi

Mo lá àlá kan lánàá, lójú oorun ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí n tó gbàgbé.

Kí ìyá mi tó kú, mo ṣí ojú-ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún un, kí àwọn tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òfì lè forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, ètò kan nínú kọ̀ǹpútà á máa fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i lórúkọ ìyá mi, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá mi kú. N kò pa ètò náà.

Lójú àlá, ojú-ewé yẹn ti di ọ́fíìsì. Ó ń léfòó lókè àgọ́ òfì wa ní Ìsẹ́yìn, fọ́nrán òwú kan ṣoṣo ló so ó mọ́lẹ̀. Mo gun òwú náà lọ sókè, kò yà mí lẹ́nu. Mo ń gbọ́ ìró òfì ìyá mi láti inú yàrá, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì pupa kan, tó tóbi tó odó, dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ni mo fẹ́ rí."

Bọ́tìnnì ní, "Fọ́ọ̀mù ńkọ́?"

Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ni. Èmi náà ni mo kọ wọ́n nígbà tí mo ń ṣí ojú-ewé náà: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ orí, iṣẹ́ baba. Bí mo ṣe ń dáhùn ni ìwo ń yọ lórí akọ̀wé kan tó jókòó síbẹ̀, tó ń gba fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tí mo dé ìkẹrìndínlógún, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ fọ́ọ̀mù náà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra, píìnì tí wọ́n fi so ìwé pọ̀ wà nínú ẹ̀."

Òbúkọ ní, "Ó ti mọ́ mi lára. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣáájú ẹ, ibí yìí ni wọ́n ti padà sílé."

Ìró òfì dákẹ́. Ohùn ìyá mi jáde: "Àyìnkẹ́, àlejò dé, o ò fún un lómi, o ò fún un lága, iṣẹ́ baba ẹ̀ lò ń bi í! Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Ọwọ́ ẹ ni ìlẹ̀kùn wà. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń jí mi pé kí n wá kí àwọn tí mi ò mọ̀."

Bọ́tìnnì wá bi mí ní ìbéèrè tó kù: "Ṣé kí ìyá ẹ sinmi? Tẹ̀ mí."

Mo mọ̀ pé tí mo bá tẹ̀ ẹ́, n kò ní gbọ́ ohùn yẹn mọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, kò lọ. Òwú já.

Mo jí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, fóònù mi ń gbọ̀n lórí ẹní. Orúkọ ara mi ni mo kọ́kọ́ fi dán ètò náà wò, nítorí náà lẹ́tà kì í yọ mí sílẹ̀: "Àyìnkẹ́ mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Àga rẹ ṣófo, mo ṣì ń retí rẹ."

Mo bu omi sínú ife, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Mo ní, "Màámi, ẹ mumi."

Lẹ́yìn náà ni mo tó ṣí ètò náà, tí mo sì pa á.