Igbe Tí Ọlálérè Kò Gbọ́

Ọkọ̀ ti dé àárín adágún omi nígbà tí Fúnkẹ́mi na ọwọ́ kan bàbá rẹ̀ léjìká.

"Bàámi, kí ló ń ké?"

Ọlálérè rò pé ẹyẹ ló ń wí. Ó gbójú sókè, ó wo etí omi níbi tí àwọn igi gbígbẹ ti yọrí, kò rí nǹkan kan.

"Kí ló ń ké níbo?"

"Ẹ́ńjìnnì yín ni. Ó ń ké fíìì, kò dákẹ́."

Ọlálérè tẹ́tí. Kò gbọ́ ju kíkùn ẹ́ńjìnnì náà lọ, ìró tó mọ̀ bí ó ti mọ èémí ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àgbẹ̀ Ìjan lọ sí oko wọn ní òdìkejì omi. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó kó tó rà á, síbẹ̀ kò sí irin kan nínú rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tí ì kàn. Ó fẹ́ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé iṣẹ́ tíṣà ló mọ̀, àti pé ariwo ọ̀kadà Adó ló kún un létí. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú òun nínú àwọn èrò. Ìyá Ṣèyítán, tó gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́sẹ̀, tẹjú mọ́ omi bí ẹni tí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ṣèyítán, ṣé lóòótọ́ ló ń ké?"

"Ó ń ké, Bàbá Fúnkẹ́mi." Obìnrin náà rọra sọ ọ́, ó sì tún un sọ sókè. "Ó ń ké. Òjò ò tí ì máa rọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti dé ibí báyìí ni. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ n'úlé. A rò pé ẹ mọ̀ ni."

Ọlálérè pa ẹ́ńjìnnì. Ó mú àjẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọkọ̀ lọ sí èbúté.

Nígbà tí àwọn èrò ti gba oko lọ, ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ mìíràn kò sí lórí omi náà. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá jóná, ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà yóò fi yí adágún po dé ilé, pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé aago ìkìlọ̀, tó máa ń ké bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, ló ń parọ́. Wáyà àtijọ́ a máa jẹrà, a sì máa pariwo láìnídìí. Ó mú puláyà. Bí ó bá gé wáyà náà, ọ̀rọ̀ parí.

"Ṣé kí a má kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ ló ń sọ?" ni Fúnkẹ́mi bi í.

Ọlálérè ti ìka bọ omi, ó ta á sórí irin ẹ́ńjìnnì. Omi náà ta pọ́ún, ó sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé puláyà sílẹ̀. A kì í tìtorí pé aláìsàn ń kérora kí a fọwọ́ dí i lẹ́nu.

Ó ní sùúrù títí irin fi tutù, ó tún tan ẹ́ńjìnnì, ó sì wo ihò tó fi ń tọ̀. Ó yẹ kí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára máa ti ibẹ̀ tú jáde pẹ̀lú agbára. Ó kàn ń kán ni. Ó fi wáyà tín-ín-rín gún ihò náà, iyanrìn díẹ̀ jáde, omi sì lé sí i. Láìpẹ́ ó tún rọ. Nígbà náà ló mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni àìsàn wà, níbi pọ́ńpù tó ń fa omi sókè.

Ó tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ṣí pọ́ńpù. Fáànù rọ́bà kékeré tó wà nínú rẹ̀ ti le gan-an bí èèpo ọsàn tí a sá sóòrùn. Apá rẹ̀ mélòó kan ti já. Àwọn èyí tó já ti bá omi gòkè lọ, wọ́n sì ti dí i lọ́nà. Ọlálérè fi wáyà wá wọn, ó ń fà wọ́n jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí àkísà títí gbogbo rẹ̀ fi pé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó gbójú sókè, ó rí i pé ẹnu Fúnkẹ́mi ń mì. Kò mọ ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Ọlálérè tún tẹrí ba. Ó rántí ìyá Fúnkẹ́mi, tí òun ti ń bá jà láti ìgbà ọyẹ́ pé obìnrin náà ń kùn sínú, kò sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó rántí ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, tí àwọn alàgbà sì wo ara wọn. Etí tó gbọ́ àlọ ni wọ́n ní ó máa ń gbọ́ àbọ̀. Tirẹ̀ kò gbọ́ èyíkéyìí.

Ó fi fáànù rọ́bà tuntun tó ti rà pamọ́ láti Lọ́kọ́ja sí pọ́ńpù, ó dè é padà, ó tan ẹ́ńjìnnì létí omi, ó sì jẹ́ kó sáré dáadáa. Omi tú jáde lára ihò náà gbọọrọ. Lẹ́yìn àkókò gígùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ lè dúró lórí rẹ̀. Ọwọ́ òun ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn dá a lójú. Síbẹ̀ kò gbé e kúrò.

"Ṣé ó ṣì ń ké?"

Fúnkẹ́mi dẹ etí sí i. "Rárá, Bàámi. Kò ké mọ́."

Ọlálérè náà dẹ etí tirẹ̀. Ó ń wá ibi tí igbe náà wà tẹ́lẹ̀, kó lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí nísinsìnyí tó ti lọ. Ẹ́ńjìnnì ń kùn bó ṣe kùn láàárọ̀. Ìyàtọ̀ kankan kò sí.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí èbúté, wọ́n ń gbé ẹrù wọn sínú ọkọ̀. Ìyá Ṣèyítán ń lọ jókòó sí iwájú bó ti máa ń ṣe. Ọlálérè pè é.

"Ẹ bọ̀ lẹ́yìn níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Obìnrin náà wò ó, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bọ̀.

"Tí ẹ bá gbọ́ ohunkóhun," ni Ọlálérè wí, "ẹ sọ fún mi." Ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì sì tan. "Ẹ sọ ọ́ sókè."